Tí Owó Bá Dúró

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹfà

Mo ra ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì, ó sì wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá Kékeré, ọkọ mi, ló ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀, kí n lè máa kà á fún òun lórí fóònù. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá béèrè pé báwo ni ilé, "kò sí nǹkan" ni mo máa ń sọ, òun ò sì fi ìyàwó òun sílẹ̀ wá síbi jíjìn kó máa fi "kò sí nǹkan" ránṣẹ́ sí òun.

Ó dáa, nǹkan rèé. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìgbà kẹta rèé tí wọ́n máa pè mí sí i, ọdún mẹ́ta mẹ́ta síra wọn. Àwọn ilé kan náà là ń lọ, ìbéèrè kan náà là ń bi wọ́n: kí lẹ ní, kí lẹ ti tà, báwo lẹ ṣe lè pẹ́ tó tí nǹkan bá yí padà? Ọ̀gá wa obìnrin ní owó tó ń wọlé kọ́ ni òun ń wá, pé ohun tó kù nílé lọ́jọ́ tí owó ò wọlé ni òun fẹ́ mọ̀. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń kéwì.

Ká tó jáde, ó ní kí oníkálùkù fi ilé ara rẹ̀ dánra wò. Ìbéèrè àkọ́kọ́: àwọn wo ló ń gbé inú ilé? Mo kọ Ìyá ọkọ mi. Mo kọ Kékeré, ọmọ mi. Mo kọ ọkọ mi, òun gan-an ni mo fi ṣáájú. Ọ̀gá na ìka sí i.

"Ìgbà wo ló sùn nílé kẹ́yìn?"

"Ọdún tó kọjá, mà."

"Ẹni tí ò bá sùn nílé fún oṣù mẹ́fà kì í ṣe ará ilé mọ́. Fagi lé e."

"Ọkọ mi ni, mà."

"Mi ò ní kó má jẹ́ ọkọ ẹ. Mo ní kó má jẹ́ ará ilé."

Ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Elérìn-ín ti da ojú délẹ̀ lórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fagi lé ọkọ mi. Mo tẹ gègé náà débi tó fi ya bébà.

Nígbà tó kan ohun ìní, mo dé orí tábìlì. Ọ̀kan ni tèmi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Káfíńtà ni Bàbá Kékeré, ẹsẹ̀ kẹrin ló kù kó kàn lọ́jọ́ tí wọ́n wá pè é síṣẹ́ ní èbúté. Ó ní òun á parí ẹ̀ tí òun bá dé. Ara ògiri la fi tì í. Elérìn-ín ní kí n kọ "tábìlì kan dín díẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Bàtà mi mumi yó. Gáàsì ti tún gbówó lórí, ẹni tó ń tà á ní kí n yéé wo òun bẹ́ẹ̀ yẹn, òun kọ́ ló fi kún un.

Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Aránṣọ. Ìbéèrè apá kìíní nìkan ni mo bá lọ, ti àwọn ará ilé àti ohun ìní.

"Oníbéèrè! Ọdún mẹ́ta ti tún pé? Wọlé kí òjò má gbé ọ lọ."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé yẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló wà nínú yàrá iwájú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pariwo, a ní láti máa kígbe ká tó gbọ́ra. Lẹ́ẹ̀kejì, méjì ló kù. Lónìí mo bá ẹyọ kan. Ó rí i pé mò ń wo ibi tí àwọn yòókù wà tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀kan san owó ilé," ó ní, "èkejì gbé ìyàwó mi lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta sin ín. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àyè fún un nínú ìwé. Ó wá béèrè ìdí tí ọ́fíìsì fi yọ òpópónà wọn kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Mo ní ìwé ìgbà tó kọjá ló fi hàn pé wọ́n lè pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ láìrówó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Àwa wo? Àwa náà nìyí? Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹfà

Ó pè. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tábìlì, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá.

"Tí mi ò bá jẹ́ ará ilé mọ́, kí ni mo wá jẹ́?"

"Àlejò."

Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù lu nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń kan yàrá sí. Mo ti fẹ́ sọ pé eré ni mò ń ṣe kí ìlà tó já.

Ìyá ní mo tún ti ń sọ "ìwọ" sí ọkọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ná. Tó bá dé, màá sọ 'ẹ̀yin' sí i títí ó fi máa sú u."

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹfà

Òjò. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Kò sí nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kẹfà

A ti bọ́ sí apá kejì, ti owó àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ilé mẹ́rin ni mo ṣe lónìí. Nígbà tí mo bá dé orí ìbéèrè kejìlélógún, ṣe ni wọ́n máa ń ṣàmín. Mo kà á bó ṣe wà nínú ìwé: "Tí owó tó ń wọlé fún yín bá dúró, báwo ni ilé yín ṣe lè pẹ́ tó kí ìyà tó jẹ yín?" Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìyẹ̀fun ṣì wà lára wọn. "Àmín o! Ìyà kẹ̀? Kò lè jẹ wá mọ́ láéláé." Mo bá fàlà sí "ju oṣù mẹ́fà lọ."

Mo sọ fún Elérìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ òun, pé tí iṣẹ́ yìí bá parí, àwa méjèèjì á dá ìjọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù kẹfà

Ara òpó ẹnu ọ̀nà yàrá ni Bàbá Kékeré ti máa ń wọn ọmọ. Á ní kó fẹ̀yìn ti igi, á fi pẹ́ńsù etí rẹ̀ fa ìlà sókè orí rẹ̀. Àmì márùn-ún ló wà níbẹ̀. Lónìí mo mú pẹ́ńsù, mo ní kí Kékeré wá. Ó káwọ́ gbera.

"Bàbá mi ló ń wọ̀n mí."

"Èmi náà mọ ìwọ̀n. Iṣẹ́ mi ni."

"Ilé àwọn ẹlòmíràn lẹ máa ń wọ̀n."

Ìyá rẹ́rìn-ín débi pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń mì. Mo dá pẹ́ńsù padà síbi tó wà. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Mo mọ iye àga tó wà nílé ogójì ènìyàn, mi ò sì mọ bí ọmọ mi ṣe ga tó, torí pé ẹni kan ṣoṣo ló gbà kó wọn òun, ẹni yẹn ò sí nílé. Àtìgbà tó ti lọ, apá ọ̀dọ̀ ògiri ni mo ṣì ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ tutù, àyè sì pọ̀ ní apá kejì, ṣùgbọ́n mi ò lè sún síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kẹfà

Mo ní láti kọ eléyìí dáadáa.

Ó pè lọ́sàn-án. Ìlà ò dára. Ó ní, "Mo ní ìròyìn. Iṣẹ́ ti dúró."

Ayọ̀ ló gbé mi dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe. Mo ní, "Ọpẹ́ o! Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Mo yíjú sí Ìyá, mo ní, "Iṣẹ́ ti dúró, ó ń bọ̀ wálé!" Ìyá ju ẹ̀wà tó ń ṣà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó. Kékeré ń sáré yí ilé po.

Mo gbé fóònù padà sétí.

"Ìyá Kékeré," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "mo ní iṣẹ́ ti dúró. Ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ti mú mi. Tí ọkọ̀ yìí bá ń lọ, wọ́n fẹ́ kí n bá wọn lọ, kí n máa tún inú rẹ̀ ṣe bó bá ṣe ń bàjẹ́. Ọdún méjì. Owó rẹ̀ dára."

"Ìgbà wo ló ń lọ?"

"Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀."

Mo ní ó dáa. Mo ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ire. Kí ni mo tún lè sọ? Ìyá ṣì ń jó nígbà tí mo pa fóònù. Èmi ni mo ní láti dá a lẹ́kun ijó.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù kẹfà

Mo ti ṣètò. Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ni iṣẹ́ wa máa parí, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa san ìdajì owó tó kù. Ọjọ́ kejì ni mo máa wọ ọkọ̀. Ọjọ́ méjì ni ìrìn náà. Màá rí i fún bí ọjọ́ márùn-ún kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ. Ìyá ní kí n lọ, òun á tọ́jú ọmọ. Ó ní tí mo bá dé ọ̀hún, kí n wo ìka ọwọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ṣì pé, káfíńtà ò lè sọ òótọ́ lórí ìyẹn.

Mo yọ aṣọ aláwọ̀ ewé tó fẹ́ràn. Mo gbé e kọ́ síbi tí màá ti máa rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹfà

Apá kejì ìbéèrè lọ́dọ̀ Bàbá Aránṣọ. Ó ń rán etí aṣọ ilé ẹ̀kọ́, kò gbójú sókè. Mo dé orí ìbéèrè kejìlélógún.

"Tí owó tó ń wọlé fún yín bá dúró…"

"Àmín!" Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Àmín, ọmọ mi. Kó dúró. Ẹnu ẹ la ó fi jẹun. Tó bá lè dúró báyìí, kí èyí tó wọlé lónìí wọlé lọ́la, ìyà ò tún lè jẹ mí títí màá fi kú."

Mo ti gbé gègé lé "ju oṣù mẹ́fà lọ." Ọwọ́ mi ò lọ mọ́. Etí mi ń gbọ́ ohùn ọkọ mi: *mo ní iṣẹ́ ti dúró.*

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló ń ṣe òpópónà yìí láti ọdún mẹ́fà. Ohun tí ọkàn ẹni ń fẹ́ ni etí ẹni ń gbọ́. Èmi ń fẹ́ kí iṣẹ́ ọkọ mi parí, mo gbọ́ pé ó parí. Àwọn yìí ń fẹ́ kí owó wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n gbọ́ pé mo fi ṣàdúrà fún wọn. Ta ni kò ní ṣàmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀?

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ gbọ́ pé mo bi yín?"

"O bi mí léèrè ni? Mo rò pé o súre ni."

Ọjọ́rú, 1 oṣù keje

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n máa ní ká padà sí gbogbo ilé, mi ò sì ní rí ọkọ mi. Tí mi ò bá sọ ọ́, òpópónà yẹn á tún wà nínú ìwé bí ẹni tó ti là fún ọdún mẹ́ta sí i, Bàbá Aránṣọ á sì ta ẹ̀rọ tó kù.

Mo lè sọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá. Mo lè kọ ọ́ sí bébà, kí n fi í sórí tábìlì Ọ̀gá, kí n wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lókè. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn.

Aṣọ aláwọ̀ ewé ń wò mí látàárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù keje

Mo sọ ọ́. Ọ̀gá ka ìbéèrè náà sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ìlà yìí," ó ní. "Ọdún mẹ́fà. Mo jókòó síbí, mo kọ 'dúró', ojú mi ń rí ọkọ̀ tí wọ́n tẹ bíréèkì rẹ̀."

Elérìn-ín ní ká sọ pé "bá dá dúró." Mo ní ìyẹn gan-an ló burú jù, wọ́n á rò pé à ń sọ pé owó wọn ti tó dá gbé ilé. A jọ jiyàn títí, a wá fẹnu kò sí "tí owó ò bá wọlé mọ́ rárá." Gbogbo ilé la máa padà sí. Ọjọ́ kẹrìnlélógún la máa parí, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa san owó.

Ọ̀gá mọ̀ pé mo fẹ́ rìnrìn àjò. Ó ní, "Ṣé o lè ní kí ọkọ ẹ ní sùúrù?" Mo ní ọkọ mi ní sùúrù, mà, ọkọ̀ ojú omi ni ò ní.

Mo ká aṣọ aláwọ̀ ewé padà sínú àpótí.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù keje

Ìbéèrè tuntun ti yí gbogbo ẹnu padà. Kò sí ẹni tó ń ṣàmín mọ́. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" "Ká má rí i!" Ìyá kan fi ìgbálẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní irú ìbéèrè wo nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó wá pè mí padà pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn tí wọ́n bá jẹ búrẹ́dì tí kò tà.

Búrẹ́dì ọ̀hún náà ti kéré sí i, iye rẹ̀ ò yí padà. Mo ra méjì.

Ọjọ́rú, 8 oṣù keje

Mo ti pè é láti àná, kò wọlé. Owó fóònù mi fẹ́ẹ̀ tán. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Iṣẹ́ wa ti gùn sí i. N kò lè dé kí ọkọ̀ tó lọ. Dúró."

Ìyá ní, "Kí lo kọ sí i?"

"Mo ní kó dúró."

"Kó dúró síbo?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kó dúró gbọn-in, kó má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn náà mo rò pé bóyá mo ní kó bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n dúró dè mí. Èmi tí mò ń kọ́ odidi ọ́fíìsì bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀! Ká sọ tòótọ́, mi ò mọ èyí tí mo ní lọ́kàn. Mo fẹ́ rí i ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni owó mi kù fún.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù keje

Èsì dé: "Mo ti gbọ́." Kò sí nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Mo wò ó títí bí ẹni pé ó lè gùn sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù keje

Bàbá Aránṣọ, lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo bi í ní tuntun. Kò kígbe bíi ti àwọn yòókù. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kan."

"Tí ẹ bá ta nǹkan ńkọ́?"

"Tí mo bá ta ẹ̀rọ yìí, oṣù méjì. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù méjì, kí ni mo fẹ́ fi rán aṣọ? Kọ ọ̀sẹ̀ kan."

Mo kọ ọ̀sẹ̀ kan. Mo sọ bí ọ̀rọ̀ àmín yẹn ṣe jẹ́ fún un, àti bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo rò pé ó máa bínú. Ó ṣí ojú fèrèsé, ó wo òjò fún ìgbà díẹ̀.

"Nígbà tí o bi mí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn," ó ní, "ìyàwó mi ṣì jókòó síbí yìí. Àwa méjèèjì la jọ ṣàmín. Ẹ̀rọ méjì ò tó nǹkan kan, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo rò pé a ní nǹkan." Ó wá bi mí pé ṣé ọkọ mi ti dé. Mo ní ó ń lọ ni. Ó ní, "Háà," ó sì fún mi ní àjákù aṣọ kan fún bèbí tí Kékeré fi ń ṣeré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù keje

Ọkọ̀ ń lọ lónìí.

Mo fọ gbogbo ohun tó ṣeé fọ̀ nílé. Òjò rọ̀ sí gbogbo rẹ̀ lórí okùn. Ìyá gbàdúrà fún ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, fún àwọn tó ń wà á, fún igi tí wọ́n fi kàn án. Fóònù rẹ̀ ò wọlé. Mo mọ̀ pé kò ní wọlé mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo pè é. Obìnrin inú fóònù náà ti mọ̀ mí.

Mo ro ọdún méjì. Kékeré á ti ga dé ibo lára igi yẹn? Mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí Ìyá má gbọ́. Òun náà ṣí rédíò, kí n má gbọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù keje



Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́. Àpótí irinṣẹ́ kan wà ní ẹnu ọ̀nà, òjò ti rin ín. Mo mọ àpótí yẹn. Mo dúró níbẹ̀, mi ò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀.

Ó jókòó lórí àpótí aṣọ, Kékeré ti so mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó ti rù. Irun funfun díẹ̀ ti jáde ní ẹ̀gbẹ́ etí tó máa ń ki pẹ́ńsù sí. Ìyá dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ọkọ̀ ńkọ́?" Ìyá ń bi í, mo rò pé ó ti bi í tẹ́lẹ̀.

"Ó ti lọ, Ìyá."

"Owó ọdún méjì ńkọ́?"

"Ó bá a lọ."

"Kí ló wá dé?"

Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyàwó mi ló ní kí n dúró."

Ìyá yíjú sí mi. Mi ò tíì rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà méjì, pé kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tó gbọ́. Mo pa ẹnu dé. Èyí tó gbọ́ ni mo sọ. Mo rìn lọ bá a, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo ka ìka rẹ̀. Wọ́n pé.

Ìyá ti wọ ibi ìdáná lọ, à ń gbọ́ bó ṣe ń fi ìbínú gbé ìkòkò kaná. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ látibẹ̀ pé, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ wá gbé omi ìwẹ̀ fún un."

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù keje

A parí. Wọ́n san owó. Ọ̀gá ní nọ́ńbà tuntun ti ba gbogbo àwòrán rere tí wọ́n yà lókè jẹ́, inú wọn ò dùn. Wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ òpópónà náà lóṣù tó ń bọ̀. Òun ò ṣèlérí kankan, àmọ́ òun á jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ó kí mi kú iṣẹ́. Mo ní kó fún mi ní ìwé ìdánrawò mi àkọ́kọ́, mo fẹ́ tún nǹkan ṣe. Ó ní ọkọ mi ò tíì sùn nílé tó oṣù mẹ́fà, kó tó rí ojú mi, tó sì na ìwé náà sí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù keje

Ó ti kan ẹsẹ̀ kẹrin. Ó kọ́kọ́ gùn jù, ó fá a, ó tún kúrú, ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí rẹ̀. Tábìlì náà ṣì ń mì díẹ̀ tí èèyàn bá fi ìgbọ̀nwọ́ lé e. Èmi ò sọ nǹkan kan.

Mo jókòó sídìí rẹ̀, mo fi ìwé ìdánrawò náà bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ayé. Ará ilé: mẹ́rin. Ohun ìní: tábìlì kan, òdindi. Mo dé orí ìbéèrè kejìlélógún, mo kà á ní ti àtijọ́ láti fi dán an wò.

"Tí owó tó ń wọlé fún yín bá dúró, báwo lẹ ṣe lè pẹ́ tó?"

"Ó ti dúró ná," ó ní.

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, lẹ́yìn náà a jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí rò ó ní tòótọ́. Owó tí wọ́n san fún mi. Ìrẹsì tó wà nílé. Ìyá ní ká ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn òun mọ́ ọn, a ní rárá, ó ní ká kà á mọ́ ọn. Oṣù méjì. Bóyá méjì àtààbọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣàìsàn. Mo fàlà sí "oṣù kan sí mẹ́ta." Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń fà á. Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi.

Kékeré ti lọ fẹ̀yìn ti òpó ẹnu ọ̀nà. "Bàbá mi, ẹ wá wọ̀n mí."

Ó yọ pẹ́ńsù létí. "Dúró dáadáa. Má gbé gìgísẹ̀." Ó fa ìlà náà. Ọmọ sá kúrò lábẹ́ rẹ̀ kó lè wo bí òun ṣe ga tó, ó pariwo, ó sáré lọ sọ fún ìyá bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Bàbá Kékeré ò kúrò níbẹ̀. Láàárín àmì ọdún tó lọ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, àyè náà fẹ̀, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Àtẹ́lẹwọ́ náà gba ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo ní kó wá jẹun, oúnjẹ ti ń tutù.

"Dúró ná," ó ní.

Mo dúró.